Yèyé Dọ́káàsì àti Àwọn Ikún Ẹsẹ̀ Àpáta

Ní ọjọ́ tí a sin Yèyé Dọ́káàsì, ìyá tó bí ìyá mi, àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó sí iwájú ilé wa ní Ọ̀kà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ olóògbé. Wọn kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi èkejì pé, "Ṣé Yèyé tí wọ́n ní ó dáná sun oko ẹbí nìyí?" Èkejì ní òun náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín tí èèyàn máa ń fi rántí arúgbó ni. Ṣùgbọ́n mo gbé abọ́ ìrẹsì mi sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ohun tí Yèyé fi sílẹ̀ kò pọ̀: àpótí aṣọ kan, Bíbélì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ọkọ́ méjì, àti orúkọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí orúkọ náà gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ bí iná ọjọ́ náà ṣe jẹ́, màá sì sọ ọ́ kí n tó dákẹ́. Àmọ́ ẹni tí kò mọ irú èèyàn tí Yèyé jẹ́ kò ní lóye ohun tó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Mi ò kàwé lọ títí. Mo parí ìwé mẹ́fà, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Gábúrẹ́lì, ní Ìkàrẹ́. Ohùn Ọ̀kà ni Yèyé ń sọ. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi kọ ọ́ síbí, kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè kà á.

Oko Yèyé wà ní ẹsẹ̀ àpáta, lẹ́yìn ìlú. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan odò, àkùrọ̀ ni, ibẹ̀ ló ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apá òkè gbẹ, òkúta pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ikún gbẹ́ ihò wọn sí. Yèyé ní òun bá wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ òun wá sílé.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò rí ikún rí, ẹ fojú inú wo ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò bìkítà fún igi. Ilẹ̀ ló ń gbé. Irun ara rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ bí erùpẹ̀ pupa, ìlà funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrù rẹ̀ máa ń tú bí ìgbálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ojú ọ̀sán ló fi ń jẹun. Bó bá fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn, á nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, á ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà.

Ẹlòmíràn á dé oko, á bọ́ aṣọ ilé, á mú ọkọ́. Yèyé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ jókòó lórí òkúta kan tó tẹ́jú, á na ẹsẹ̀, á ká ìró rẹ̀ mọ́ra, á sì dákẹ́. Bí èèyàn bá kí i ní àkókò yẹn, kò ní dáhùn. Àwọn ikún á yọ orí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yá oòrùn, wọ́n á fi ahọ́n lá ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lówùúrọ̀ ló fi ń mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí. Bí wọ́n bá ń kó koríko gbígbẹ wọlé, á ní kí a tètè ṣe ohun tí a bá fẹ́ ṣe, òjò ń bọ̀. Mi ò ní purọ́, òjò máa ń kùnà nígbà mìíràn. Yèyé á ní ikún ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ó fún wọn lórúkọ. Èyí tí ìrù rẹ̀ gé, Àbúrò ló ń pè é. Èyí tó máa ń nàró ní ẹnu ihò, tó ń ṣọ́nà nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ, ó sọ ọ́ ní Wọ́dìn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Wọ́dìn gidi, ìyẹn Bàbá Fọlárìn, ẹni tó ń rí sí ètò ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Inú bí i. Ó bá a ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi í ní ojú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé kí ló dé tó fi òun wé ẹran oko. Àwọn ìyá ti ń tẹ ẹ̀rín mọ́nú. Yèyé kúnlẹ̀ kí i dáadáa kó tó dá a lóhùn.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò fi yín wé ikún rárá. Ikún yẹn ni mo fi wé yín, ó sì ń gbìyànjú."

Ohun mìíràn wà tó máa ń bí Yèyé nínú. Bí ẹnìkan bá kọ̀ láti gbọ́ ìkìlọ̀, a máa ń ní ó kọ etí ikún. Ajíhìnrere kan tó wá láti Ìpè lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwàásù, ó sì lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Yèyé dúró dè é títí ìsìn fi parí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìwàásù náà, ó ní ó wọ òun lára, ó ku ibì kan ṣoṣo. "Kí n tó kọjá odò ni ikún ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó gbọ́, iṣẹ́ ló ń ṣe."

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ẹranko lásán ló ń dà á láàmú. Koríko ló ń wò jù. Yèyé ṣàkíyèsí pé koríko ẹ̀kan, tó ń fi wá ṣẹ̀sín ní gbogbo oko, kì í dé tòsí ihò ikún. Wọ́n máa ń gé e láti kékeré, wọ́n máa ń hú gbòǹgbò rẹ̀ jẹ. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ fefe bí àgbàlá tí wọ́n gbá. Síwájú díẹ̀, lórí erùpẹ̀ tí wọ́n hú jáde, ẹ̀bòlò àti tẹ̀tẹ̀ àti odù máa ń hù fúnra wọn, ewé wọn gbòòrò ju ti àkùrọ̀ lọ. Yèyé ò gbìn wọ́n, ó kàn ń já wọn ni. Ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lápá òkè oko náà, ikún ló gbìn wọ́n: wọ́n ri ẹyìn mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbàgbé.

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ilẹ̀ tó mọ́ yẹn ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó gé ẹ̀ka àgúnmánìyẹ́, ó kàn wọ́n mọ́lẹ̀ yípo ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ ààlà. Ṣé ẹ mọ àgúnmánìyẹ́, igi tí a fi ń ṣe ọgbà, tí kì í mọ̀ pé wọ́n ti gé òun. Òjò dé, gbogbo èèkàn náà hù. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ìwọ̀n Yèyé ti di igbó kékeré, ó ń tanná aláwọ̀ elésè àlùkò. Ìyá mi, Rúùtù, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Yèyé wò ó, ó wo àwọn igi náà, ó ní, "Ó dáa. Mo ti mọ ibi tí ó wà lọ́dún èṣí."

Òun àti ìyá mi kì í gbé pọ̀ láìjà. Rúùtù ní ẹyìn tó yẹ kí a fi ṣe epo ni Yèyé ń dà sílẹ̀ fún ikún. Ìjà tó le jù ni ti pàkúté. Nígbà kan tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Rúùtù dẹ pàkúté sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, ó mú ikún kan, ó sì fi se ọbẹ̀. Ó bu ti Yèyé wá. Yèyé wo abọ́ náà, ó gbé ìrù tó wà nínú rẹ̀ sókè, ó rí i pé ó gé. Ó gbé abọ́ náà padà fún un, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún yẹn fi dá. Mo wá láti Ìkàrẹ́ láti bẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣebí òun náà ń jẹ ẹran ikún, mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi nílé ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, Ìyá Bísí, ní Ọ̀bà, ó ń fi eyín fọ́ egungun rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun jẹ ẹ́, ó sì dùn.

"Èyí tí mi ò mọ̀ ni mo jẹ."

Mo ti sọ pé bíríkìlà ni mí. Ohun tí ọ̀gá mi kò kọ́ mi, Yèyé ló kọ́ mi. Ilẹ̀ Àkókó ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ó rí erùpẹ̀ lókè, ẹ ó rò pé ó jìn, díígà á sì kan òkúta kí ìpìlẹ̀ tó dé orúnkún. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà fúnra mi. Ilé ìyàrá méjì ni, ti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alàgbà Oyè. Mo ti wọn ìpìlẹ̀, mo ti gba ọmọọṣẹ́, a wa ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, iná ń jáde lẹ́nu díígà. Yèyé gba ibẹ̀ kọjá, ó ń lọ sọ́jà. Ó bi mí bóyá mo wo ibi tí ikún gbẹ́ sí kí n tó ta okùn. Ojú tì mí lójú àwọn ọmọọṣẹ́. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, ó fi erùpẹ̀ tí ikún hú jáde hàn mí. Ó ní kí n wò ó: dúdú lókè, pupa lábẹ́, kò sí òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ó jìn níbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ilé lè sún sí, ó gbé igbá rẹ̀ padà sórí, ó ní, "Ẹni tí kò ní díígà ló yẹ kí o bi." A sún ilé náà, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Nígbà tó ti darúgbó gan-an, ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti Yunifásítì, Tọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ẹnìkan ti sọ fún un nípa Yèyé. Ó gbé férémù kan tí a fi igi mẹ́rin kàn wá, á gbé e lé ilẹ̀, á ka gbogbo koríko tó wà nínú rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí. Ọjọ́ méjì ló fi ń gbé férémù náà káàkiri, kò sì rí ikún kan ṣoṣo. Ó bi Yèyé bóyá wọ́n ti kó lọ. Yèyé ní wọn ò lọ síbì kankan, ẹnu ilẹ̀kùn wọn ni Tọ́pẹ́ jókòó sí láti àná. Ó mú un lọ sórí òkúta rẹ̀, ó fún un ní àgbàdo sísun, ó ní kó jókòó, kó má kọ nǹkan kan. Tọ́pẹ́ bi í pé títí di ìgbà wo.

"Títí wọ́n á fi gbàgbé pé o wà níbẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ara rẹ lo ń wò."

Ọmọ náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ó wá síbi ìsìnkú, ó sunkún bí ọmọ ilé.

Mo ti ń yin Yèyé, ẹ má rò pé kò ní àléébù. Agídí rẹ̀ pọ̀. Kò mọ bí a ṣe ń yin ọmọ ní ojú rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, á se oúnjẹ fún ọ, á gbé e sílẹ̀, á lọ. O ní láti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kì í purọ́. Ó máa ń sọ òótọ́ níbi tí òótọ́ kò ti wúlò, bíi níbi ìkómọjáde Ìyá Bísí, níbi tó ti sọ pé ọmọ náà kò tíì lẹ́wà, kí a fún un láyè. Ẹ fi ọkàn sí ibi tí mo ti ní kì í purọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná.

Lẹ́yìn tí bàbá mi àgbà kú, àbúrò rẹ̀, Bàbá Jákọ́bù, ló di olórí ẹbí. Wọ́n bí Bàbá Jákọ́bù kí wọ́n tó gbé Yèyé níyàwó, nítorí náà Yèyé kì í pè é lórúkọ. Eyínfúnjowó ló ń pè é, òun náà sì ń pe Yèyé ní Ìyàwó wa títí tí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Oko wọn pààlà. Àwọn ikún Yèyé máa ń sọdá lọ sí ti Bàbá Jákọ́bù, wọ́n á hú àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, wọ́n á jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Ó fara dà á fún ọdún díẹ̀. Nígbà tó di ọdún kan, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó pe ẹbí jọ, ó ní kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí ikún kankan má ṣe kù ní ilẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, òun á gba oko náà lọ́wọ́ Yèyé, òun á fún Sámúẹ́lì, ọmọ òun, tó lágbára láti lé ẹranko.

Yèyé kúnlẹ̀. "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lójoojúmọ́ ó ń lọ jókòó sórí òkúta rẹ̀. Rúùtù bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó ní kí ni Yèyé máa jẹ bí wọ́n bá gba oko. Yèyé ní Eyínfúnjowó kì í ṣe ènìyàn búburú, òun á bá a sọ̀rọ̀. Kò sì lọ bá a.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mí nígbà yẹn. Bàbá Jákọ́bù ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ilẹ̀ kékeré kan fún mi lára ilẹ̀ ẹbí, kí n kọ́lé sí. Inú rere ni, nítorí ọmọ tí obìnrin ilé bí ni mí. Mo ti wa ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ́sítà, ìyàwó mi, wà nínú oyún àkọ́bí wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń ronú ọ̀rọ̀ oko Yèyé, ó sì dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ràn án lọ́wọ́, àní òun fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, iná ràn ní ẹ̀gbẹ́ oko náà. Ẹnìkan ti fẹ́ fi èéfín ata lé àwọn ikún jáde. Ó dí ẹnu ihò mélòó kan, ó kó koríko gbígbẹ àti ata sí ìyókù, ó ṣáná sí i. Ihò tó wà nísàlẹ̀ jù lọ, tí igbó ẹ̀kan kò jìnnà sí, ibẹ̀ ló ti ṣáná. Atẹ́gùn bọ́ láti orí àpáta, ó gbé koríko tó ń jó, ó jù ú sínú ẹ̀kan. Ẹ mọ bí ẹ̀kan ṣe máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Kí ènìyàn tó sọ pé ó ti ràn, ó ti ga ju orí lọ, ó sì dorí kọ oko Bàbá Jákọ́bù, níbi tí abà rẹ̀ wà. Gbogbo èbù tó fẹ́ gbìn lọ́dún yẹn, ìyẹn iṣu tí a máa ń tọ́jú láti gé gbìn, inú abà náà ló wà. Bí èbù bá jóná, ilé Bàbá Jákọ́bù kò ní rí iṣu jẹ lọ́dún náà, kò sì ní rí èyí tó máa gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn èèyàn rí èéfín láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sáré dé. Yèyé wà lára wọn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wà lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin ń gé ewé tútù láti fi lu iná. Sámúẹ́lì fẹ́ máa kó èbù lọ sódò, àmọ́ iná ti ká ọ̀nà odò mọ́. Yèyé wo ọwọ́ iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n kó èbù wá sí ojú ilé ikún. Wọ́n ń wò ó. Ó kígbe mọ́ Bàbá Jákọ́bù, ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ kó kígbe mọ́ ọn.

"Kò sí koríko níbẹ̀! Kí ni iná fẹ́ jẹ?"

Gbogbo wa gbé apẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, aṣọ ìjọsìn lára wọn, wọ́n ń sáré gun òkè náà pẹ̀lú èbù lórí. A kó wọn jọ sí àárín àwọn ihò, a sì dúró tì wọ́n. Iná jó abà náà, ó jó pákó rẹ̀, ó jó ẹ̀kan tó wà lápá ọ̀tún wa àti lápá òsì wa. Ooru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wa lójú. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ikún ti ń jẹ koríko láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ó dúró, ó rẹlẹ̀, ó kú. Bàbá Jákọ́bù jókòó lórí òkìtì èbù rẹ̀, ó ń wúkọ́, omi ń jáde lójú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ méjì péré ló jóná.

Ní ọjọ́ kẹta, ní ìrọ̀lẹ́, ẹbí pé jọ. Bàbá Jákọ́bù kò jókòó. Ó ní ẹni tó ṣáná náà, yálà ọmọ ọkùnrin ilé ni tàbí ọmọ obìnrin ilé, kò ní ìpín kankan lórí ilẹ̀ ẹbí mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Ó ní kí ẹni náà dìde. Mo ń gbọ́ bí Ẹ́sítà ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Yèyé dìde. Ó ní òun ni. Ó ní òun ti lọ sóko ní ìdájí kí òun tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fi èéfín sí ihò, òun rò pé iná rẹ̀ ti kú kí òun tó kúrò níbẹ̀. Ó ní ṣebí wọ́n ní kí òun lé wọn.

Bàbá Jákọ́bù wò ó pẹ́. "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó tún yí i padà. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀, òun kò sì lè kó o jẹ, ṣùgbọ́n òun kò lè lé ẹni tó gba èbù òun là. Ó pín in sí méjì. Yèyé á ní apá òkè, níbi tí òkúta àti ikún wà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan ikún ibẹ̀ mọ́. Àkùrọ̀ di ti Sámúẹ́lì.

Àkùrọ̀ yẹn ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Yèyé. Ibẹ̀ ló ti ń rí ẹ̀fọ́ tó ń tà ní Ìkàrẹ́ nígbà tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó wà níwájú, mo wà lẹ́yìn. Mo pè é. Kò wẹ̀yìn.

"Ihò mélòó lo dí?"

Mo ní mẹ́rin.

"Méje ni wọ́n. Ó yẹ kí o ti bi mí."

Èmi ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bọ̀dé, tó ti di olóògbé, la kó ata lọ síbẹ̀ nígbà tí Yèyé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé bí àwọn ikún bá lọ, oko á kù fún un. Mo kọ́ ilé mi sórí ilẹ̀ tó fi àkùrọ̀ rẹ̀ rà fún mi, mo bí ọmọ mẹ́rin síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí n lọ bojú tó ìyàwó mi. Ní ìgbà kejì, ó ti ń lo ọ̀pá, ó sì wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ kó bá. Ó ní, "Bí mo bá ti lọ, ṣe bó ṣe wù ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo purọ́."

Bàbá Jákọ́bù ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn tí a sin Yèyé, mo lọ bá Sámúẹ́lì ní àkùrọ̀. Òun náà ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ń fọ tẹ̀tẹ̀ nínú odò, ó ń dì í ní ìdì ìdì. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ó bi mí ẹni tó wà pẹ̀lú mi, mo sọ fún un. Ó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó wo ebè tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ nǹkan níbí. Mi ò sì lè dá a padà fún un mọ́."

Mo ní kó gba ilé mi bó bá fẹ́. Ó ní kí n yéé sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ibo ni òun fẹ́ kó Ẹ́sítà sí. Lẹ́yìn náà ló ní òun nìkan kọ́ ló yẹ kí n sọ ọ́ fún. Ó ní àwọn ọmọ òun gbàgbọ́ pé Yèyé ló jó abà, òun ló sì sọ ọ́ fún wọn. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun lè ní kí wọ́n kà á, kí n sì fi orúkọ mi sí i.

Ọmọ Sámúẹ́lì, ọmọ Rúùtù, gbogbo ọmọ ilé, ó wà níbí. Yèyé Dọ́káàsì kò dáná sun oko ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Èmi, Èsékíẹ́lì ọmọ Rúùtù, ni mo ṣáná.